Òfin Tí A Kò Sọ Yé Ará Ìlú: Ẹ̀kọ́ Ifá fún Àwọn Aṣòfin Wa

Ọ̀rọ̀ òfin ìjọba ni mo gbé wá lónìí, ó sì kan gbogbo ẹni tí ń gbé ní Alímọ̀ṣọ́, láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá, láti Ìgándò dé Ìpájà. Ìtàn Odù kan ni n ó fi tú u.

Ó jẹ́ àṣà àwọn tí a dìbò yàn sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin láti máa jábọ̀ iṣẹ́ wọn fún wa. Irú ìjábọ̀ tí ó máa ń tẹ̀ mí lọ́wọ́ kò ju ìwé pélébé kan lọ: àwòrán Gómìnà níbi tí ó ti ń bọwọ́ lùwé, àwòrán aṣojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti orúkọ àwọn òfin tuntun tí a tò sísàlẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mo dúpẹ́ pé wọ́n rántí wa. Ṣùgbọ́n bí mo bá kà á tán, ìbéèrè kan náà ni ó máa ń kù sí mi lọ́kàn: kí ni òfin yìí ní kí n máa ṣe, kí sì ni ó ní kí n má ṣe? Orúkọ òfin dé ọ̀dọ̀ wa, òfin fúnra rẹ̀ kò dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: ìjábọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì di ìjábọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí Ifá ṣe ń fún ọmọ ènìyàn lófin. Nínú Odù Ìkà-Òfún, Ifá sọ ìtàn àwọn àgbà mẹ́rìndínlógún tí wọ́n lọ sí Ilé-Ifẹ̀ láti bèèrè ẹ̀mí gígùn. Ìdáhùn tí wọ́n gbà ni pé wọn yóò gbó, wọn yóò tọ́, bí wọ́n bá lè pa àwọn èèwọ̀ kan mọ́. A sì ka àwọn èèwọ̀ náà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lára wọn ni pé kí wọ́n má ṣe fi orúkọ ohun kan pe ohun mìíràn, kí ẹni tí kò mọ ọ̀nà má ṣe ṣíwájú ẹlòmíràn, kí wọ́n má ṣe dalẹ̀ ọ̀rẹ́, kí wọ́n sì má ṣe rẹ́ aláìlera jẹ. Àwọn àgbà náà padà sílé, wọ́n sì ń ṣe gbogbo ohun tí a ní kí wọ́n má ṣe. Nígbà tí ikú bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn, wọ́n figbe ta pé Ọ̀rúnmìlà ni ó ń pa wọ́n. Ọ̀rúnmìlà dá wọn lóhùn pé ọwọ́ òun mọ́, èèwọ̀ tí wọn kò pa mọ́ ni ó ń jà.

Àwa babaláwo a máa fi ìtàn yìí kìlọ̀ fún ẹni tí ń rú òfin, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Apá kan wà nínú rẹ̀, síbẹ̀, tí a kì í tẹnu mọ́ tó. Kí ni ó fún Ọ̀rúnmìlà lẹ́nu láti sọ pé ọwọ́ òun mọ́? Ohun tí ó fún un lẹ́nu ni pé a ti ka òfin náà sí etígbọ̀ọ́ àwọn àgbà náà kí wọ́n tó kúrò ní Ifẹ̀, ní èdè tí wọ́n gbọ́, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí a kò sọ èèwọ̀ fún tí ó sì jẹ èèwọ̀, ẹ̀bi náà wà lọ́rùn ẹni tí ó yẹ kí ó sọ fún un.

Ẹnìkan lè ní: ṣebí awo a máa pa àṣírí mọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, àṣírí wà nínú awo. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ kì í ṣe àṣírí. Kò sí babaláwo tí yóò tẹ ènìyàn nífá tí kò ní sọ fún un ohun tí kò gbọdọ̀ jẹ, àwọ̀ tí kò gbọdọ̀ fi ṣe aṣọ, àti ìwà tí kò gbọdọ̀ hù. Ohun tí a ó fi bá ni wí lọ́la, a gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́ fún ni lónìí.

Bí a bá mú ìlànà yìí dé Aláùsá, a ó rí i pé Ìwé Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 pàápàá mọ̀ ọ́n. Abala 36 sọ pé a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ọ̀ràn àfi bí òfin tí a kọ sílẹ̀ bá ti ṣàlàyé ọ̀ràn náà, tí ó sì ti sọ ìjìyà rẹ̀. Ìdí tí a fi ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ ni kí ènìyàn lè mọ̀ ọ́n ṣáájú. Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ kì í gba àwáwí ẹni tí ó bá ní òun kò mọ̀ pé òfin wà. Tí ìjọba kò bá gba “n kò mọ̀” lẹ́nu wa, àwa náà ní ẹ̀tọ́ láti bi aṣojú wa pé: ta ni ẹ sọ ọ́ fún, ní èdè wo?

Èdè Yorùbá kò sì ṣe àjèjì sí òfin Èkó. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, Gómìnà Akínwùnmí Àmbọ̀dé bọwọ́ lu òfin tí a ṣe láti dáàbò bo èdè Yorùbá àti láti gbé e lárugẹ. Òfin náà sọ ọ́ di dandan kí a máa kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, ti ìjọba àti ti aládàáni. Ó fi Yorùbá kún ẹ̀kọ́ gbogboogbò ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ó jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Ó tún gbà pé ará ìlú lè fi èdè Yorùbá bá ìjọba sọ̀rọ̀ bí ó bá wù ú. Ṣáájú èyí, abala 97 nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 ti fún Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láyè láti fi èdè ìbílẹ̀ kún èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú iṣẹ́ rẹ̀, bí Ilé náà bá fọwọ́ sí i. Ilé tí ó fi òfin gbé Yorùbá lé àwọn ọmọ wa lórí kò ní àwáwí bí àwọn ọmọ Ilé náà bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan jábọ̀ fún àwọn òbí ọmọ wọ̀nyẹn.

Ọ̀ràn yìí tún wúwo ní Alímọ̀ṣọ́ ju ibòmíràn lọ. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni a kà ní ìjọba ìbílẹ̀ wa, ìjọba ìbílẹ̀ Ìbẹ́jú-Lẹ́kí sì ní 117,481. Ogójì ni àwọn aṣòfin Èkó, méjì-méjì láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ogún. Méjì ni Ìbẹ́jú-Lẹ́kí ní, méjì náà ni àwa ní. Aṣojú kan ṣoṣo ni ó ń gbẹnu sọ fún ènìyàn tí ó ju 600,000 lọ. Kò lè dé ojúlé gbogbo wa, a kò sì lè bínú sí i nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè dé ilé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, kí ó sì yé ìyá tí ń ta èlùbọ́ ní ọjà Ìkòtún bí ó ṣe yé amòfin.

Èèwọ̀ àkọ́kọ́ tí mo mẹ́nu bà nínú ìtàn Ìkà-Òfún tún kan ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ni pé kí a má ṣe fi orúkọ ohun kan pe ohun mìíràn. Ohun mẹ́rin wà tí a máa ń pè ní òfin lẹ́nu ìṣèlú. Èkíní ni àbá òfin: wọ́n kà á nínú Ilé, kò tíì di nǹkan. Èkejì ni ìpinnu Ilé: àwọn aṣòfin panu pọ̀ láti rọ ìjọba kí ó ṣe ohun kan, kò sì de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kẹta ni ìkéde Gómìnà. Ẹ̀kẹrin ni òfin gan-an: Ilé ti gbà á wọlé, Gómìnà sì ti fọwọ́ sí i. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni Gómìnà ní láti fọwọ́ sí i; bí ó bá kọ̀, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin sì tún gbà á wọlé, ó di òfin láìsí ọwọ́ rẹ̀. Aṣojú tí ó bá kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ sójú kan tí ó ní òun ti ṣe òfin báyìí-báyìí fún wa, èèwọ̀ ni ó jẹ.

Àwa oníṣẹ̀ṣe gan-an ní láti mọ ìyàtọ̀ yìí, nítorí ó kàn wá. Ní ọdún 2023, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú kéde ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ní ọjọ́ ìsinmi ní Èkó nítorí Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, torí pé ọjọ́ 20 bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. A yọ̀, ó sì yẹ kí a yọ̀. Ṣùgbọ́n ìkéde ni. Ọwọ́ tí ó kéde lọ́dún yìí lè dákẹ́ lọ́dún tí ń bọ̀. Bí a bá fẹ́ kí ọjọ́ náà dúró láìtún máa bẹ ẹnikẹ́ni, òfin tí Ilé jókòó ṣe ni kí a béèrè. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin méjèèjì yóò jókòó ti ìlù, yóò rò pé iṣẹ́ ti parí.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí aṣojú jábọ̀? Ẹsẹ Ifá ti fi àpẹẹrẹ lélẹ̀. Ẹsẹ a máa sọ awo tí ó dáfá, ẹni tí a dá a fún, ìṣòro tí ó gbé e wá, ẹbọ tí a ní kí ó rú, bóyá ó rú u tàbí kò rú u, àti ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi òfin kan dán an wò: òfin ilé gbígbé ti Èkó, tí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá bọwọ́ lù ní ọdún 2011. Ta ni a ṣe é fún? Onílé àti ayálégbé. Kí ni ìṣòro náà? Owó ilé ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, tí onílé ń gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ni ó pa láṣẹ? Kí onílé má ṣe gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Kí ó má sì gbà ju owó oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ ẹni tí ó ti ń gbé ilé tí ń san owó ní oṣooṣù, tàbí ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tí ń san án ní ọdọọdún. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó bá rú u? Owó ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ibo ni kò dé? Àpápà, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island. Ẹ rí i pé kò yọ Ẹ̀gbẹ́dá sílẹ̀, kò sì yọ Ìgándò sílẹ̀.

Gbogbo èyí kò gbà ju gbólóhùn díẹ̀ lọ. Síbẹ̀, mo mọ àwọn ayálégbé ní àdúgbò wa tí wọ́n ta ẹrù wọn láti san owó ọdún méjì, tí wọn kò mọ̀ pé òfin kankan wà. Ohun tí àìsọ òfin ń ná ará ìlú nìyẹn.

Àwọn kan yóò ní Alímọ̀ṣọ́ kì í ṣe ti Yorùbá nìkan, pé Ìgbò wà níbẹ̀, Hausa wà, Ègùn wà. Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tí ó ní kí a yọ èdè Gẹ̀ẹ́sì kúrò. A ní kí a fi Yorùbá kún un ni, bí abala 97 ṣe wí. Bí wọ́n bá tún fi èdè Ègùn àti ti àwọn yòókù kún un, a ó dúpẹ́ sí i.

Àwọn mìíràn yóò ní ọ̀rọ̀ òfin le jù fún Yorùbá. Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ èdè rẹ̀. Ní ọdún 1859 ni Ìwé Ìròyìn fún àwọn Ẹ̀gbá àti Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní Abẹ́òkúta, Bíbélì sì wà lódindi ní Yorùbá kí ọ̀rúndún yẹn tó parí. Kí òyìnbó tó dé ni a ti ní adájọ́, ẹlẹ́rìí, olùpẹ̀jọ́, ìtanràn àti ìdógò. Odù 256 gbé ọgbọ́n ìran kan dání ní èdè yìí, àjọ UNESCO sì kọ Ifá mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Èdè tí ó gba Ifá yóò gba òfin owó ilé.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti àwọn ọmọ awo tí wọ́n ń sọ pé ọ̀rọ̀ ìjọba kò kàn wá, pé Ifá tó wa. Ìlú ni Ifá ń tún ṣe. Àwọn àgbà inú Ìkà-Òfún kò kú nítorí pé wọn kò mọ Ifá; wọ́n kú nítorí pé wọn kò ka òfin sí. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Nítorí náà, ẹ kọ̀wé sí aṣojú yín, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá. Òfin ọdún 2018 gbà yín láyè. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta: òfin wo ni a bọwọ́ lù, kí ni ó pa láṣẹ fún èmi àti ìjìyà tí ó so mọ́ ọn, ibo sì ni n ó gbé ẹjọ́ lọ bí ẹnìkan bá fi rẹ́ mi jẹ. Bí ó bá dáhùn, ẹ kà á sí etígbọ̀ọ́ àwọn ará ilé yín tí kò mọ̀wé. Bí kò bá dáhùn, ẹ rántí rẹ̀ ní ọjọ́ ìdìbò.

Kí Ọ̀rúnmìlà jẹ́ kí òfin ìlú wa yé wa, kí ó sì fún àwọn tí ń ṣe é ní ẹnu láti sọ ọ́. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Àṣẹ.