Ìrètí '93 Kò Tíì Kú

Ọ̀rọ̀ kan ti gbilẹ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa tí kò yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Wọ́n ní ìbò dídì kò ṣe nǹkan kan, pé ẹni tí wọ́n bá fẹ́ gbé wọlé náà ni wọn yóò gbé wọlé. Bí a bá bi wọ́n pé kí ni ẹ̀rí wọn, wọn a ní, "Ẹ kò rí ti Abíọ́lá ni?" Báyìí ni wọ́n ṣe sọ ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 1993 di àwáwí fún ìjókòó sílé. Èmi ní irọ́ ni. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀rí tó já wọn nírọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó láti ìdí. Nígbà tí ọdún 1993 fi máa dé ìdajì, ìjọba ológun ti lo ọdún mẹ́sàn-án àbọ̀ lórí wa. Ọ̀gágun Babangida ti sún ọjọ́ tí yóò gbé ìjọba sílẹ̀ síwájú léraléra. Ẹgbẹ́ méjì péré ni ó fi àyè gbà: SDP ẹlẹ́ṣin àti NRC onídì. Ọ̀rọ̀ ìlú ti sú aráàlú. Ìgbà náà ni Moshood Káṣìmawò Abíọ́lá jáde, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó ṣẹ́ igi ìdáná tà ní kékeré. Ọmọ méjìlélógún ni bàbá rẹ̀ bí ṣáájú rẹ̀ tí kò dúró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Káṣìmawò. Ó sọ ìpolongo rẹ̀ ní Ìrètí '93, ó sì ṣèlérí pé òun yóò kí òṣì pé ó dìgbóṣe.

Àwọn kan yóò ní, "Olówó ni, ọ̀rẹ́ àwọn ológun sì ni. Kí ló kàn án nínú ìyà tálákà?" Òótọ́ ni pé ó lówó, òótọ́ sì ni pé ó mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìpọ́njú ni a fi ń mọ ènìyàn. Wọ́n mú un ní oṣù kẹfà ọdún 1994, lẹ́yìn tí ó kéde ara rẹ̀ ní olórí orílẹ̀-èdè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní ìlú Èkó. Bí ó bá ti sọ pé òun jọ̀wọ́ ìbò náà, ilé ni ì bá gbà lọ. Ó kọ̀. Wọ́n yìnbọn pa ìyàwó rẹ̀, Kùdírá, ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún 1996. Kò yí ohùn padà. Inú àhámọ́ ni ó wà títí ó fi kú ní ọjọ́ keje oṣù keje ọdún 1998. Ọ̀rẹ́ ológun wo ni ti ẹni tí ológun tì mọ́lé fún ọdún mẹ́rin?

Ẹ tún wo ìbò náà fúnra rẹ̀. Mùsùlùmí ni Abíọ́lá, Mùsùlùmí ni igbákejì rẹ̀, Baba Gana Kingibe. Àwọn tó pe ara wọn ní ọlọ́gbọ́n ní kò lè bọ́ sí i, pé àwọn Kìrìsìtẹ́nì kò ní gbà. Ṣùgbọ́n ó wọlé ní Anambra, ní Benue, ní Plateau àti ní Akwa Ibom. Ó wọlé ní Kano tí í ṣe ilé Bashir Tofa, ẹni tí wọ́n jọ díje. Ìbò 8,341,309 ni ó ní. Ti Tofa jẹ́ 5,952,087. Kí Mùsùlùmí kankan má ṣe fi èyí yangàn pé ẹ̀sìn wa ni ó borí o. Ebi tí kò mọ mọ́ṣáláṣí yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn ènìyàn dìbò ta kò. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn fún àwọn tó ń fi ẹ̀sìn pín wa sí méjì lónìí, ìbáà jẹ́ lórí mínbárì, ìbáà jẹ́ lórí pẹpẹ.

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù náà, Babangida fagi lé ìbò náà. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń dúró sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: ta ni í fi àgádágodo ti àpótí òfìfo? Bí ìbò kò bá já mọ́ nǹkan kan, kí ni ó dé tí ọ̀gágun tó ní ìbọn, tó ní ọkọ̀ ogun, fi ń bẹ̀rù ìwé pélébé? Agbára tó wà nínú ìbò ni ó lé e dé ibi tó dé, nítorí kí oṣù kẹjọ ọdún náà tó parí, òun fúnra rẹ̀ ti kúrò lórí àga. Ní 2018, ìjọba fi oyè GCFR dá Abíọ́lá lọ́lá, ó sì sọ ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà di Ọjọ́ Ìjọba Àwaarawa. Ní oṣù kejì ọdún 2025, Babangida fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ pé Abíọ́lá ni ó wọlé. Irọ́ sáré fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, òtítọ́ bá a.

Ṣùgbọ́n ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe oúnjẹ. Kí olóṣèlú gun orí àga lọ́dọọdún kó máa yin òkú, kí òṣì tí òkú náà fẹ́ lé lọ sì máa gbilẹ̀ sí i, ẹ̀tàn ni. Àwa aráàlú náà kò sì mọ́. Ní ọdún 2023, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 93 ni orúkọ wọn wà nínú ìwé ìdìbò. Àwọn tó jáde láti yan olórí kò tó mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Nínú àwọn tó sì jáde, "dìbò kí o sebẹ̀" ni orin àwọn mìíràn. Ọbẹ̀ a máa tán ní ọjọ́ kan. Ọdún mẹ́rin kì í tán bọ̀rọ̀. Àmánà ni ìbò, a ó sì jíhìn rẹ̀.

Èmi kò ní wọn kì í jí ìbò. Wọ́n ń jí i. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí olè wa iṣu rẹ̀ kì í torí ìyẹn pa oko tì. Ṣe ni ó ń ṣọ́ oko. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti pé ọdún méjìdínlógún, ẹ gba káàdì yín, ẹ dìbò, ẹ dúró kí wọ́n kà á lójú yín. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe jẹ́ kí olóṣèlú fi ọmọ yín ṣe jàǹdùkú. Ìrètí '93 kì í ṣe ti Abíọ́lá nìkan. Ti àwọn tó tò sínú oòrùn lọ́jọ́ náà ni, ọwọ́ wa ni ó sì wà báyìí.

Kí Ọlọ́hun forí jin Abíọ́lá àti Kùdírá, àti gbogbo àwọn tó kú nínú ìjàkadì náà. Kí Ó má ṣe jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣòfò lọ́wọ́ wa. Àmín.