Kí ẹ tó gbé iná wẹ́dà lé wa lọ́wọ́, ẹ fún wa ní ìbòjú

Ó dùn mọ́ mi pé kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ti wà fún iṣẹ́ wẹ́dà. Àwa tá à ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́ ò lè lọ gbé ọ̀dọ̀ ọ̀gá fún ọdún mẹ́ta. Èmi náà wà lára àwọn tó ń ti ọ́fíìsì lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó irin mọ́ irin, mi ò sì kábàámọ̀ owó tí mo san.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ìbòjú méjì péré ló wà fún àwa mẹ́wàá. Àwọn tó kù ń fi dígí dúdú tí wọ́n ń tà nínú gósílóò wòran.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa: dígí fáàrí ò lè dá ìtànṣán iná wẹ́dà dúró. Ìtànṣán UV tó wà nínú ẹ̀ ò ṣeé fojú rí, àmọ́ ó máa ń jó ẹyinjú. Kì í sì í dunni lójú ẹsẹ̀. Èèyàn á délé, á jẹun, á sùn. Tó bá dòru ni ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bíi pé wọ́n da iyanrìn sí i.

Akẹ́kọ̀ọ́ ló sì máa ń wòran jù. Ẹnì kan á máa jó irin, àwọn mẹ́sàn-án á yí i ká. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ náà, ọ̀pá á lẹ̀ mọ́ irin, iná á ṣẹ́, á kú, á tún ṣẹ́ lójijì. Ìdí nìyẹn tí ìbòjú fi gbọ́dọ̀ kárí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀.

Èéfín ńkọ́? Láti ọdún 2017 ni IARC, ẹ̀ka WHO tó ń rí sí ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ, ti ní èéfín wẹ́dà wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Síbẹ̀, àwọn kan á tilẹ̀kùn pa torí ariwo.

Àwọn kan á ní àwọn ọ̀gá àtijọ́ ò lo nǹkan kan. Ẹ bi wọ́n léèrè iye òru tí wọn ò fi rí oorun sùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè iye ìbòjú tó wà. Ẹ wò ó bóyá dígí rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 10 tàbí 11. Ẹ wò ó bóyá atẹ́gùn ń wọlé. Ẹ má wọ jẹ́sì bọ́ọ̀lù lọ, torí ó máa ń yọ́ mọ́ ara. Jíǹsì àti aṣọ òwú ló dáa. Tí ojú bá sì ń ta yín, ẹ má da mílíìkì sí i, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ lọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ bu díẹ̀ nínú owó tá a san, kẹ́ ẹ fi ra ìbòjú. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Iṣẹ́ tá a fẹ́ fi jẹun lọ́la, ojú yìí náà la máa fi ṣe é.