Ọ̀rọ̀ Tó Bá Ju Ẹkún Lọ: Ẹ̀rù àti Ẹ̀rín Lórí Ìtàgé Ilé Ẹ̀kọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe òpómúléró èrò mi lórí irú àjọ̀dún kan tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń bẹ̀rù láti gbé wọ ilé ẹ̀kọ́: àjọ̀dún eré kéékèèké, níbi tí eré adẹ́rùbani àti eré tí ń fi ohun búburú pani lẹ́rìn-ín ti máa ń tẹ̀ lé ara wọn ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo. Bí ẹnìkan bá dárúkọ rẹ̀ ní ìpàdé olùkọ́, ohùn méjì ni a sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan á ní iṣẹ́ Sàtánì ni. Àwọn mìíràn á ní àṣà òyìnbó ni, pé kò bá tiwa mu. Èrò tèmi yàtọ̀ sí ti àwọn méjèèjì. Mo gbà pé irú eré bẹ́ẹ̀ yẹ àwọn ọmọ wa, mo sì gbà pé ẹ̀rù tí kò ní ẹ̀rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ gan-an ni ó yẹ kí a máa sá fún.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí irú ìrọ̀lẹ́ eré bẹ́ẹ̀ ti lókìkí ní ilẹ̀ òyìnbó. Ní ọdún 1897, Oscar Méténier dá ilé ìṣeré kan sílẹ̀ ní ìlú Paris, ní ilẹ̀ Faransé. Grand-Guignol ni orúkọ rẹ̀. Ilé ìsìn kékeré ni ilé náà tẹ́lẹ̀ rí. Kò gbà tó 300 òǹwòran. Ní ọdún 1898, Max Maurey gba àkóso rẹ̀, òun ni ó sì sọ ọ́ di ilé ẹ̀rù. Eré kì í gùn níbẹ̀. Bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà ni wọ́n máa ń ṣe ní alẹ́ kan. Bí èyí tó ń dẹ́rù bani bá parí, èyí tó ń pani lẹ́rìn-ín ni yóò tẹ̀ lé e. Wọ́n fi í wé ìgbà tí ènìyàn bá ń fi omi gbígbóná wẹ̀, tí a sì ṣàdéédé da omi tútù lé e lórí.

Gbajúgbajà òǹkọ̀wé wọn ni André de Lorde, ẹni tó kọ eré bí 100. Alfred Binet, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tí ẹ̀yin tí ẹ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mọ̀ mọ ìdánwò òye, bá a kọ díẹ̀ nínú wọn. Nínú ọ̀kan lára eré tí de Lorde lọ́wọ́ sí, ọkùnrin kan ń gbọ́ lórí tẹlifóònù, láti ọ̀nà jíjìn, bí àwọn apànìyàn ti ń wọlé tọ ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, kò sì sí ohun tí ó lè ṣe sí i. Òǹwòran kò rí ìpànìyàn náà rárá. Ojú ọkùnrin yẹn nìkan ni wọ́n ń wò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ayédèrú ni òkìkí ilé náà wá dá lé lórí, ẹ̀jẹ̀ náà kò sì gbà á là. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Olùdarí tó jẹ kẹ́yìn níbẹ̀, Charles Nonon, gbà pé ohun tí ojú ènìyàn rí ní àgọ́ Buchenwald ti kọjá ohun tí ìtàgé lè fi hàn. Wọ́n ti ilé náà pa ní ọdún 1962. Ẹ̀kọ́ ni èyí jẹ́ fún wa: ẹni tó bá fi ẹ̀jẹ̀ nìkan dẹ́rù bani, ayé gidi ni yóò borí rẹ̀.

Ǹjẹ́ àṣà òyìnbó ni pípa ẹ̀rù pọ̀ mọ́ ẹ̀rín? Rárá o. Ní Kétu, tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, àti láàárín àwọn Yorùbá ìhà ìwọ̀-oòrùn, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni a fi ń yẹ́ àwọn ìyá wa sí, àwọn tí a ń bẹ̀rù agbára wọn. Síbẹ̀, ní òru Ẹ̀fẹ̀, orin àti àwàdà ni a fi ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìwà ìbàjẹ́ ìlú. UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá ìran ènìyàn ní ọdún 2001. Ẹ wo àwọn eégún alárìnjó pẹ̀lú: apidán á di ejò, á di ọ̀nì, ọmọdé á sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀, láìpẹ́, ọ̀mùtí kan á ta gọ́ọ́gọ́ọ́ wọ agbo, ẹ̀rín á sọ. Nínú fíìmù Ọ̀run Móoru tó jáde ní 1982, Moses Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Baba Sálà ṣe ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì, tí ayé sú, tí ó ń wá ikú, tí ikú sì lé e padà. Ọ̀rọ̀ ẹkún ni, ẹ̀rín ni a fi wò ó.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwọn ọmọ wa gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, ní Abẹ́òkúta, àwọn ọlọ́pàá mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí ẹ̀sùn pé wọ́n pa ọmọbìnrin kan nítorí owó òògùn. Ojúgbà àwọn tí a ń kọ́ ni wọ́n. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń wo fíìmù tí igbá ti ń pọ owó, tí ẹni tó ṣe òògùn ti ń gun ọkọ̀ olówó ńlá kí ẹ̀san tó dé. Ẹ̀san yẹn ni a rò pé ó jẹ́ ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ rí? Ó rí i pé òògùn náà jẹ́! Ẹ̀rù nìkan ń sọ irọ́ di alágbára. Ní ọdún 2024, àjọ tí ń ṣàyẹ̀wò fíìmù ní Nàìjíríà kéde òfin tuntun lòdì sí fíìmù tó ń gbé owó òògùn lárugẹ. Ó dára. Àmọ́ òfin kò lè dé inú fóònù tí ọmọ ń wò lábẹ́ aṣọ ìbora lóru.

Ẹ̀rín lè dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kọ eré oníṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, níbi tí aláwo èké ti ń gbọ̀n nítorí gbèsè tó jẹ, tí igbá rẹ̀ kò pọ nǹkan kan ju eṣinṣin lọ. Gbogbo gbọ̀ngàn á bú sẹ́rìn-ín. Irọ́ tí a ti fi rẹ́rìn-ín ní gbangba kì í rọrùn láti tún bẹ̀rù níkọ̀kọ̀.

Òótọ́ ni pé ó ní bí a ti í ṣe é. Èkíní, kí ẹ̀rù ní ìdí. Nínú Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1970, ohun tó ń dẹ́rù bani nínú ikú Adétutù kọjá idà: obìnrin tí ọmọ tirẹ̀ kú sórí ìkúnlẹ̀ ni kò fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn wáyé. Èkejì, kí a má fi ẹni tí wọ́n pa, arọ, tàbí wèrè ṣe ẹlẹ́yà. Ìkà àti ẹlẹ́tàn ni kí ẹ̀rín bù jẹ. Ẹ̀kẹta, kí a fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kí a lo etí: ìlù tó dákẹ́ lójijì, ohùn láti ẹ̀yìn aṣọ ìtàgé. Ẹ̀kẹrin, kí òkú dìde lẹ́yìn eré, kí ó tẹrí ba fún òǹwòran, kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sì jókòó sọ ohun tí wọ́n rí.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń kọminú, mo gbọ́ yín. Kò sí ọmọ tí kò ní bá ẹ̀rù pàdé. Ohun tó kù ni bóyá yóò bá a pàdé ní òun nìkan nínú òkùnkùn, tàbí lójú àgbà, pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, nínú èdè abínibí rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mú gègé yín. Eré mẹ́rin péré, méjì fún ẹ̀rù, méjì fún ẹ̀rín, ti tó láti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ àṣà tó ń bọ̀.