Kò Sí Àgbà Nídìí Ọpọ́n



Ní alẹ́ Sátidé kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé sílé wa ní Peckham, mo sì gbọ́ tí ọmọ mi ọkùnrin ń pariwo èébú nínú yàrá. Rocket League ló ń gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, eré tó jáde ní ọdún 2015, níbi tí mọ́tò ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹni mẹ́ta sí ẹni mẹ́ta. Mo ní kí ló dé? Ó ní, "Dádì, ẹ má dá a lóhùn, ẹni tá a jọ wà nínú tíìmù ni kò mọ nǹkan kan, òun ló jẹ́ kí wọ́n nà wá." Mo bi í pé ṣé ìdíje ni? Ó ní rárá, eré lásán ni.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ilẹ̀kùn méjì ni eré yìí ní. Ọ̀kan wà fún ìdíje, níbi tí ipò èèyàn ti ń gòkè tàbí kó já wálẹ̀. Ẹni tó bá sá kúrò níbẹ̀ láàárín eré, wọ́n á tì í síta fúngbà díẹ̀. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìkejì wà fún ìgbádùn. Ẹni tó wọ ibẹ̀ lè jẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì tó fẹ́ fi najú. Kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀?

Ṣebí àwa náà ní ayò: ilé 12, ọmọ ayò 48. Ọ̀ta a máa fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojúkojú ni wọ́n jókòó, èrò sì yí wọn ká. Bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ kọjá ààlà, àgbà kan á ní ó tó.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àgbà ò sí nídìí ọpọ́n. "What a save!" tó yẹ kí wọ́n fi yin ẹni tó gba bọ́ọ̀lù, ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá wọlé ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọ̀ta kan tiẹ̀ ń ṣí àkáǹtì tuntun, wọ́n á dibọ́n bí òpè kí wọ́n lè rí ọmọdé nà. Ojo nìyẹn, kì í ṣe akin.

Àwa òbí náà ò mọ́ tán. Ìṣẹ́jú 5 ni eré kan, síbẹ̀ a ó pe ọmọ wá jẹun láàárín ìdíje, àwọn ọmọ ọlọ́mọ á sì máa jìyà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó parí ẹ̀ ná. Kí òun náà má sì wọ ìdíje bí kò bá ráyè.

Ẹnjiníà ni mí. Ẹ̀rọ ò mọ ìtìjú, ẹni tó ń lò ó ló yẹ kó mọ̀ ọ́n. Mo ní kí ọmọ mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó bú. Ó ní ẹni náà ti jáde lọ.

Gbogbo wa la máa ń bèèrè pé wákàtí mélòó lọmọ fi gbá géèmù. Ẹ jẹ́ ká máa bèèrè ohun tó ń sọ síbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn yàrá, ẹ jókòó tì í. Àwa ni àgbà tó kù nídìí ọpọ́n.