Owó Nìkan Kọ́ Ló Ń Gbé Eré Ìdárayá Yunifásítì Ró

Olóòtú,

Àròkọ yín tó ní owó nìkan ló ń mú ẹ̀ka eré ìdárayá yunifásítì gbèrú gbàgbé olórí. Ní Tennessee State, l'Amẹ́ríkà, àwọn sárésáré obìnrin tí olùkọ́ eré ìdárayá Ed Temple ń darí ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà kí wọ́n tó rówó ilé-ìwé san. Síbẹ̀, ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Róòmù lọ́dún 1960, yunifásítì yẹn ni àwọn obìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó gba wúrà eré ìje gbé-ọ̀pá-fún-mi 4x100 mítà ti wá. Wilma Rudolph ló gba ọ̀pá kẹ́yìn. Ẹni tó bá ní oríire ẹ̀ẹ̀kan ni, kó wo Wyomia Tyus: akẹ́kọ̀ọ́ Temple náà ni, ó gba wúrà 100 mítà ní 1964, ó tún gbà á ní 1968. Lóòótọ́, owó wúlò, ṣùgbọ́n ẹ̀ka tó ń pààrọ̀ olùdarí lemọ́lemọ́ yóò ná an dànù ni. Temple lò ju 40 ọdún lọ níbẹ̀.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.