Bọ́sárì nìkan kò tó, ẹ fún wa níbi tá a máa sùn

1/ Ọmọ Zion Pepe ni mí. Ọkọ̀ ojú omi la fi ń jáde nílé. Kò sí yunifásítì tá a lè máa ti ilé lọ.

2/ Wọ́n ń fún wa ní bọ́sárì, a dúpẹ́. Àmọ́ ṣé ó tó owó ilé? Ọdún kan gbáko ni mo fi bá ọ̀rẹ́ mi fún ara mọ́ra lórí bẹ́ẹ̀dì kan.

3/ Láti 1973 ni Ọsirélíà ti dá Aboriginal Hostels Limited sílẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀ tó jìnnà sílé, títí kan akẹ́kọ̀ọ́.

4/ Òfin 1999 ní kí ìpínlẹ̀ elépo gba ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán. Oǹdó ń gbà á. Nítorí náà, ẹ kọ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì fọ́mọ Ìlàjẹ l'Ákùúrẹ́ àti Òkìtìpupa. Àánú kọ́ o. Ẹ̀tọ́ wa ni!