Ọjọ́ Tí Wọ́n Mú Kossuth Lọ Kí Henry Clay

Ó wù wá láti mú àlejò ńlá lọ kí àgbà tí gbogbo ìlú ń wárí fún. Ohun tí a kì í rò ni pé àgbà lè sọ ohun tí àlejò kò fẹ́ gbọ́, kó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni àlejò nílò.

Lajos Kossuth ló ṣáájú àwọn ará Hungary nígbà tí wọ́n jà láti bọ́ lábẹ́ ìdílé ọba Austria. Ní 1849, ọmọ ogun Rọ́ṣíà gbè sẹ́yìn Austria, wọ́n ṣẹ́gun, Kossuth sì sá lọ sí Tọ́kì. Ọkọ̀ ojú omi ogun Amẹ́ríkà ló gbé e kúrò níbẹ̀. Ó gúnlẹ̀ sí New York ní December 1851, èrò ya bò ó. Inú ẹ̀wọ̀n ló ti fi Bíbélì àti ìwé Shakespeare kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì mọ̀ ọ́n sọ. Àsè ń tẹ̀ lé àsè. Àmọ́ ìrànlọ́wọ́ ló wá wá: kí Amẹ́ríkà dá Rọ́ṣíà lẹ́kun.

Ní January 9, 1852, Sẹ́nétọ̀ Lewis Cass wà lára àwọn tó mú un wọ yàrá òtẹ́ẹ̀lì tí Henry Clay, àgbà òṣèlú Amẹ́ríkà, wà ní Washington. Ẹni ọdún 74 ni Clay, ikọ́ ife ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀. Òun yìí náà ló ti gbẹnu sọ fún òmìnira Gúúsù Amẹ́ríkà àti ti Gíríìsì. Ta ni Kossuth ì bá tún gbójú lé?

Clay ní òun fẹ́ràn Hungary, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà kò lè kó ogun sọdá òkun lọ bá Rọ́ṣíà jà. Kí Amẹ́ríkà jẹ́ kí fìtílà tirẹ̀ máa tàn fáwọn orílẹ̀-èdè yòókù, ó sàn ju kí ó pa á sínú ogun Yúróòpù lọ.

Mo gbóríyìn fún un. Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún Kossuth kò ṣetán láti jà fún un, wọ́n kàn jẹ́ kó máa retí ni. Clay kú ní June. Ní July, Kossuth fi orúkọ ẹlòmíràn wọkọ̀ kúrò ní New York.

Ohun kan ṣì ń dùn mí. Kossuth ti kéde pé òun kò ní dá sí ọ̀rọ̀ oko ẹrú, inú sì bí William Lloyd Garrison, tó ń jà kí oko ẹrú dópin, nítorí rẹ̀. Clay ní ẹrú lóko rẹ̀ ní Kentucky. Òmìnira tí àwọn méjèèjì jókòó sọ lọ́jọ́ náà kò dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹrú yẹn.